Ààbọ̀, Ààbò àti Àbọ̀: Bí Mo Ṣe Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ọmọ mi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń jókòó ti àwọn ọmọ yín ka ẹ̀kọ́ wa. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta péré ni a ti fojú kan ara wa gbẹ̀yìn. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni mo kọ ẹ̀kọ́ tó gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá ṣe máa ń kí ara wọn nìyẹn. Bó jẹ́ oṣù mẹ́fà, bó jẹ́ ọdún méjì, "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" la ó sọ, kí ó má baà dà bíi pé à ń ka ọjọ́ sí ara wa lọ́rùn.

Ọmọ kan kọ̀wé sí mi láti Amẹ́ríkà. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń bínú sí wa ni?" Rárá o, ọmọ mi. Mi ò bínú. Ara mi ni kò yá. Lónìí mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín, mo sì fẹ́ fi kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó jọra. Ẹ pè é tẹ̀lé mi: ààbọ̀. Ààbò. Àbọ̀.

Ààbọ̀ ni ìdajì nǹkan. Bí aago méjì bá ti lù, tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sì ti kọjá lórí rẹ̀, a ó ní aago méjì ààbọ̀ ti lù.

Ààbò ni ohun tí kì í jẹ́ kí ibi kàn wá. Òrùlé ilé jẹ́ ààbò fún wa lọ́wọ́ òjò.

Àbọ̀ ni bíbọ̀ ẹni tó jáde lọ. Òun ló wà nínú "ẹ káàbọ̀". "Ẹ kú àbọ̀" ni a sún kì.

Ẹ di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú. A ó tún pàdé wọn níwájú.

Kókó kan

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti lé ní ọdún 10 tí mo ti wà níbẹ̀. A máa ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó, a máa ń fún wọn lóúnjẹ, a máa ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, a máa ń bá wọn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ apá ni, iṣẹ́ ẹ̀yìn ni, iṣẹ́ sùúrù ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, mo ń wẹ̀, ọwọ́ mi bá kan kókó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọyàn mi ọ̀tún. Kò dùn mí. Ó dà bí èkùrọ́ lábẹ́ awọ. Ọmọ ọdún 46 ni mí nígbà náà. Ní Ìlú Ọba níbí, láti nǹkan bí ọdún 50 títí di ìgbà tí obìnrin bá fẹ́ pé ọdún 71 ni wọ́n máa ń kọ lẹ́tà sí i pé kó wá ya fọ́tò ọyàn, ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Lẹ́tà kankan ò tíì kàn mí. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ ara mi, n kì bá tí mọ̀.

Dókítà àdúgbò wa ní kí n lọ sí ọsibítù. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n tún pè mí, wọ́n ní jẹjẹrẹ ọyàn ni.

Jẹjẹrẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í rọrùn lẹ́nu àwọn àgbà wa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde tí mo dàgbà sí, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é. "Àìsàn yẹn" ni wọ́n ń wí, tàbí kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n ní "nǹkan kan ló ṣe é lọ́yàn." Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni mí, ohun tí a kò bá lè pè, a kò lè kọ́ ọmọ. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ara wa kún fún àwọn nǹkan tín-ín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ń pọ̀ sí i, wọ́n sì mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró. Bí jẹjẹrẹ bá wọ̀ ọ́, àwọn kan nínú wọn á kọ̀, wọn ò ní dúró mọ́. Wọn á máa pọ̀ ṣáá títí wọn á fi di kókó, wọ́n sì lè rìn lọ sí ibòmíràn nínú ara. Kì í ràn. Kì í ṣe èpè. Bí ẹnìkan nínú ilé yín bá ní in, ẹ lè dì mọ́ ọn, ẹ lè jẹun nínú abọ́ rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Wọ́n gé ọyàn ọ̀tún kúrò, wọ́n sì yọ àwọn kókó kéékèèké tó máa ń sẹ́ omi ara lábíyá. Láti oṣù kejì ọdún 2024 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn kẹ́mò sí mi lára, ẹ̀ẹ̀mẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta síra wọn. Irun mi re tán. Oúnjẹ ń dà bí irin lẹ́nu mi, títí kan ẹ̀fọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi sè. Ní oṣù kẹfà wọ́n fi ẹ̀rọ onítànṣán tọ́jú àyà mi fún ọjọ́ 15. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n fún mi ní oògùn oníhóró kan tó ń jẹ́ tamoxifen, tí mo gbọ́dọ̀ máa lò lójoojúmọ́ fún ọdún 5 ó kéré tán. Oògùn náà ló ń jẹ́ kí ooru òjijì máa bò mí, kí n máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ nígbà tí gbogbo èèyàn wọ kóòtù.

Sẹ́nu iṣẹ́

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ kan. Yorùbá máa ń sọ pé èèyàn padà sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ ní ẹnu, bí ọ̀nà ṣe ní ẹnu. N kò mọ̀ pé ẹnu náà lè fún tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi fẹ́ padà? Àkọ́kọ́ ni owó. Òfin ìjọba ní kí agbanisíṣẹ́ san owó àìsàn fún òṣìṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 28. Ní àsìkò yẹn, pọ́n-ùn 116 àti pẹ́ńsì 75 ni lọ́sẹ̀ kan. Ti èmi parí nígbà tí mo ṣì ń lọ síbi ẹ̀rọ onítànṣán. Bàbá àwọn ọmọ ń ṣe iṣẹ́ méjì. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà lóru, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kó má baà jí mi. Èmi náà á sì ṣe bí ẹni pé mo ti sùn.

Ìkejì ni ìkíni. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Yorùbá ní ìkíni fún ohun gbogbo. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó dúró, ẹ kú ìdúró. Fún oṣù mẹ́sàn-án, "ẹ pẹ̀lẹ́" ni gbogbo èèyàn tó mọ̀ ń kí mi. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó wù mí kí ẹnìkan tún kí mi pé "ẹ kú iṣẹ́".

Mo padà ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024. Mo dé wíìgì. Mo ki ọyàn àtọwọ́dá sínú kọ́mú mi, mo wò ó nínú dígí ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó jáde. Àdéhùn tí mo bá máníjà ṣe ni pé kí n fi wákàtí mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Máníjà nìkan ló mọ ohun tó ṣe mí. Àwọn tó kù, mo ti sọ fún wọn kí n tó lọ pé mo fẹ́ gba àyè díẹ̀.

Obìnrin Yorùbá kan wà níbẹ̀, ọmọ Ìbàdàn. Ó fi ọdún 7 jù mí lọ, nítorí náà àǹtí ni mo máa ń pè é, òun sì máa ń pè mí ní ìwọ. Bó ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà ló pariwo: "O kú ìsinmi o! Wò ó bó o ṣe tẹ́ẹ́rẹ́! Ṣé Nàìjíríà lo wà látọjọ́ yìí? Kí lo mú bọ̀ fún wa?"

O kú ìsinmi! Ìyẹn la fi ń kí ẹni tó lọ sinmi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo wá wọ ilé ìtura lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó síbẹ̀ títí ooru tó bò mí fi lọ.

Ìkíni rẹ̀ kò burú. Èmi ni n kò fún un ní ohun tí ó lè fi kí mi dáadáa. Àwọn àgbà ní, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odidi. Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ wa àkọ́kọ́? Ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi sọ kò tilẹ̀ tó ààbọ̀. Kò sí ọmọlúàbí tó lè sọ ọ́ di odidi.

Apá ọ̀tún

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àǹtí yìí kan náà pè mí pé kí n wá bá òun fa bàbá arúgbó kan sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní ọsibítù wọ́n ti kìlọ̀ fún mi. Nítorí pé wọ́n ti yọ àwọn kókó abíyá, omi ara lè má rí ọ̀nà kọjá dáadáa, apá sì lè wú. Wọ́n ní kí n máa lo apá náà, ṣùgbọ́n kí n má ṣe fi gbé ẹrù wúwo lójijì. Gbogbo èyí wà lórí mi. Síbẹ̀ mo lọ, mo dì í mú, mo fà á. Bí mo bá kọ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí.

Nígbà tí ilẹ̀ fi ṣú, ọwọ́ aṣọ iṣẹ́ mi ti fún pinpin. Apá ọ̀tún ti tóbi ju ti òsì lọ.

Kì í ṣe apá nìkan. Lọ́jọ́ kan mo dúró níwájú ìyá arúgbó kan tí mo ti ń wẹ̀ fún láti ọdún mẹ́rin, n kò rántí orúkọ rẹ̀. Mo wá orúkọ náà títí. Ọpọlọ mi dà bí yàrá tí wọ́n ti paná rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn tó gba kẹ́mò bẹ́ẹ̀, àti pé fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ó máa ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù ló bà mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta máníjà pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní ara mi ti yá, ó hàn lójú mi. Ó ní òṣìṣẹ́ kò tó, nítorí náà láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí n padà sí wákàtí mi àtijọ́, àti iṣẹ́ òru. Mo ní ó dáa. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ní ó dáa! Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń fi kọ́ yín pé kí ẹ fi dáhùn bí nǹkan bá dára.

Àmì kékeré

Nọ́ọ̀sì tó wo apá mi ló sọ ọ̀rọ̀ òfin fún mi. Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2010, Equality Act lorúkọ rẹ̀. Ní Ẹ́ńgílàńdì, Wélíìsì àti Skọ́tíláńdì, láti ọjọ́ tí dókítà bá ti sọ pé èèyàn ní jẹjẹrẹ, òfin náà kà á sí aláàbọ̀ ara. Agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ náà ṣe níwọ̀n tó bá mọ́gbọ́n dání, kí ẹni náà lè máa ṣe é. Ìtọ́jú lè ti parí, òfin náà kò tíì fi í sílẹ̀.

Aláàbọ̀ ara. Mo kọ̀ ọ́. Lọ́kàn mi mo rí àwọn tó máa ń jókòó lẹ́bàá ọ̀nà ọjà nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ìyá mi máa ń ní kí n lọ fún lówó. Mo ní, èmi tí mò ń tọ́jú àwọn aláàbọ̀ ara, ṣé èmi náà ti di ọ̀kan nínú wọn ni? N kì í fi èyí yangàn. Mo sọ ọ́ nítorí pé òótọ́ ni.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí fún ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 12. Ó béèrè pé kí ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá. Mo sọ ọ́, mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ báyìí: aláàbò ara.

Ẹ wò ó dáadáa. Kí ló gbàgbé? Àmì tó wà lábẹ́ ọ!

Mo mú báírò pupa. Mo ní, "O gbàgbé àmì. Ààbọ̀ ni, kì í ṣe ààbò. Èyí tó o kọ yìí, ẹni tó ń dáàbò bo ara ló ń jẹ́."

Ó wò mí. Ó ní, "Màámi, ṣé kì í ṣe ohun tí òfin yẹn ní kẹ́ ẹ ṣe nìyẹn?"

Mo gbé báírò sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo tún gbé e, mo fi àmì náà síbi tó yẹ, torí olùkọ́ ni mí. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà mo kọ lẹ́tà sí máníjà.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ohun mẹ́rin ni mo béèrè. Èkíní, kí wákàtí mi máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8. Èkejì, kí n má fi ọwọ́ gbé ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ tí a fi ń gbé èèyàn dìde ni kí n máa lò, kí ẹlòmíràn sì wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n yọ mí kúrò nínú iṣẹ́ òru. Ẹ̀kẹrin, kí n máa ráyè lọ sí ọsibítù. Mo tún ti gbọ́ pé bí èèyàn bá wà nílé nítorí àìsàn, ọjọ́ ìsinmi ọdọọdún rẹ̀ ṣì ń pé jọ. Mo ní kí wọ́n ká tèmi sí ọjọ́rú ọjọ́rú, kí n lè sinmi láàrin ọ̀sẹ̀ kí owó mi má sì gé.

Wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́. Ó kọ̀wé padà. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ òru ló ń mú owó wọlé jù, nígbà tí mo sì fi í sílẹ̀, owó oṣù mi dínkù. Ó ṣì dínkù títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn arúgbó, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní ìwé kékeré kan lápò tí mo kọ orúkọ gbogbo wọn sí. Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí oṣù kìíní ọdún 2025 fi wọlé, mo ti ń ṣe wákàtí 30 lọ́sẹ̀.

Mo sọ fún àǹtí mi náà, nílé ìdáná, nígbà tí omi tíì ń hó lọ́wọ́. Mo pe orúkọ rẹ̀: jẹjẹrẹ ọyàn. Kò sọ nǹkankan. Ó pa iná omi. Ó di ọwọ́ mi òsì mú. Ó ní, "O kú ewu o. O kú ìrọ́jú. Èmi ni mo tún ní kó o wá bá mi fa bàbá yẹn!" Ó wá sọ pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin kú ní Ìbàdàn, pé wọ́n ní ọyàn ló ń dùn ún, wọn ò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dòní. Ó ní lẹ́tà méjì ni ọsibítù ti kọ sí òun pé kí òun wá ya fọ́tò, abẹ́ tẹlifíṣàn ni wọ́n wà. Ó lọ ní oṣù kejìlá. Wọn ò rí nǹkankan, a dúpẹ́.

Káàbọ̀

Ó wá ku ìyá mi. Ó ti lé ní 70 ọdún, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń sọ fún un pé ibà ló ń ṣe mí, pé òtútù ló mú mi, pé iṣẹ́ ló pọ̀. Ìyá mi kì í ṣe ọmọdé. Ó kàn ń dáhùn pé "Ọlọ́run á fún ẹ lókun" ni.

Mo pè é lọ́jọ́ Àìkú kan, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí kókó títí dé orí lẹ́tà. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Apá wo ni?" Mo ní ọ̀tún. Ó ní, "Ṣé o lè fi sè oúnjẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní, "Ṣé o ti padà sẹ́nu iṣẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ó wá kí mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka owó lé mi lọ́wọ́. "O kú ewu, ọmọ mi. O kú iṣẹ́. Káàbọ̀."

Lẹ́yìn náà ló bú mi dáadáa. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ fi irú rẹ̀ pamọ́ fún òun mọ́ láéláé. Mo sunkún, mo sì dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ wa kẹta nìyẹn: àbọ̀.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Ẹ kọ ààbọ̀, ààbò àti àbọ̀ sínú ìwé yín, pẹ̀lú gbogbo àmì wọn. Ẹ lo ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú gbólóhùn kan.

2. Ta la máa ń kí pé "ẹ kú ewu"? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tó yọ nínú jàǹbá ọkọ̀, ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ àìsàn ńlá. Ẹ kọ ẹnìkan tí ẹ mọ̀ tó yẹ fún ìkíni yìí, kí ẹ sì lọ kí i. Bó bá jù yín lọ, ẹ ní "ẹ kú ewu". Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ yín tàbí àbúrò yín, ẹ ní "o kú ewu".

3. Ẹ bi ìyá yín, àǹtí yín àti ìyá àgbà yín bóyá lẹ́tà kan wà lábẹ́ tẹlifíṣàn wọn. Ẹ̀yin ìyá, bí ọwọ́ yín bá kan kókó, bí ọyàn bá yí padà, tàbí bí omi tí ẹ kò mọ̀ bá ń jáde lórí ọmú, ẹ má dúró kó dùn yín. Ẹ lọ rí dókítà. Ẹ̀yin bàbá náà, ó lè ṣe ọkùnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀.

Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní ìlera. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó padà sí orúkọ àwọn ẹranko, mo ti jẹ yín ní gbèsè rẹ̀ tipẹ́. Ó dìgbà!